Iṣẹ́ Sólà Lẹ́yìn Ọgbọ̀n Ọdún: Ohun Tó Yá Láti Kọ́, Ohun Tí Kò Yá, àti Ibi Tí Owó Wà

Ìpolówó kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp àti Facebook: ẹ wá kọ́ iṣẹ́ sólà láàárín ọjọ́ márùn-ún, kí ẹ di ọ̀gá ara yín. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pe nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ló ti lé ní ọgbọ̀n ọdún: olùkọ́, òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ní báńkì, awakọ̀, obìnrin tí ọjà rẹ̀ ti dákú. Iléeṣẹ́ tó ń gba òṣìṣẹ́ tuntun sábà máa ń kọ ọ́ sójú ìwé pé ẹni tó bá ti kọjá ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tàbí ọgbọ̀n kò gbọdọ̀ kọ̀wé wá. Iṣẹ́ sólà kì í béèrè ọjọ́ orí. Ìdí nìyẹn tí ojú fi wà lára rẹ̀, ìdí nìyẹn náà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Ẹnì kan á ní ọjọ́ márùn-ún tó, ẹlòmíì á ní àfi kéèyàn gba oyè ẹnjiníà. Kò sí èyí tó sọ òótọ́ tán nínú àwọn méjèèjì.

Bó ṣe rí gan-an nìyí. Ẹni tí kò fọwọ́ kan iná rí lè di ẹni tí wọ́n ń sanwó gidi fún láàárín oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan, kó má sì fi iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sílẹ̀ ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ẹni tó ti ń ṣe wáyà ilé tẹ́lẹ̀ lè ṣe é ní oṣù mẹ́ta. Gígun òrùlé àti síso wáyà kọ́ ló ń gba àkókò. Ìṣirò ni, àti mímọ ohun tó máa bàjẹ́ kó tó bàjẹ́. Ibẹ̀ náà ni owó wà.

Ibi tí oníbàárà ti ń wá

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Kí oṣù Keje ọdún náà tó parí, lítà epo tí wọ́n ń tà ní nǹkan bíi ₦190 ti kọjá ₦550. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A (àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún wákàtí 20 lóòjọ́ ó kéré tán) dé ₦225 fún yúníìtì kan. Láti ìgbà náà ni ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, ilé ìwòsàn kékeré, ilé ìjọsìn àti ẹni tó ń ta omi tútù ti ń wá ẹni tó máa bá wọn gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn tó ń so sólà pọ̀ ní ìgboro. Àwọn tí iṣẹ́ wọn kì í bàjẹ́ padà ni kò pọ̀, àwọn yẹn ni oníbàárà kan máa ń júwe fún oníbàárà kejì.

Ohun tí ọjọ́ márùn-ún lè fún yín

Kíláàsì ọjọ́ márùn-ún kì í ṣe jìbìtì. Wọ́n á fi pánẹ́ẹ̀lì, ínfátà (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú èyí tí ilé ń lò), bátìrì àti bréékà hàn yín, ẹ ó so wọ́n pọ̀ lórí tábìlì, gílóòbù á tàn. Ohun tí wọn kò lè fi hàn yín níbẹ̀ ni bí àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe ń bàjẹ́, torí pé iṣẹ́ sólà tí wọn kò ṣe dáadáa kì í bàjẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n so ó. Ó lè ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà. Ẹni tó jáde ní kíláàsì tó sì gba ilé mẹ́rin láàárín oṣù méjì lè rí ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n ń pè é padà lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí òjò bá wọlé, owó tó jẹ á sì tán sórí ọkọ̀ àti àtúnṣe.

Kí ẹ tó sanwó kíláàsì, ẹ béèrè iye èèyàn tó máa wà nídìí ohun èlò kan. Tí wọ́n bá ju márùn-ún lọ, ìran lẹ máa wò. Ẹ béèrè bóyá ẹ máa gun òrùlé tòótọ́. Paríparí rẹ̀, ẹ béèrè bóyá ẹ lè máa tẹ̀lé ọ̀gá lọ síbi iṣẹ́ lẹ́yìn kíláàsì. Tí ìdáhùn ìbéèrè ìkẹyìn yìí bá jẹ́ rárá, owó yín wúlò níbòmíràn.

Ìṣirò tó pín ọ̀gá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń so wáyà

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan ní Ìbàdàn. Gílóòbù 8 wà níbẹ̀, 10W lọ́kọ̀ọ̀kan (W ni watt, ìwọ̀n iná tí nǹkan ń jẹ), wọ́n ń tàn fún wákàtí 6. Fáànù 3, 70W lọ́kọ̀ọ̀kan, wákàtí 10. Tẹlifíṣọ̀n àti dẹ̀kódà jẹ́ 100W, wákàtí 6. Láptọ́ọ̀pù àti fóònù jẹ́ 100W lápapọ̀, wákàtí 6. Fíríìjì kan ń jẹ nǹkan bíi 1,200Wh lóòjọ́. Tí ẹ bá fi wákàtí sọ watt di púpọ̀, ohun tí ẹ máa rí ni Wh: 480, 2,100, 600, 600 àti 1,200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,980Wh. Yúníìtì kan lórí mítà àsansílẹ̀ jẹ́ 1,000Wh, torí náà ilé yìí ń jẹ nǹkan bíi yúníìtì 5 lóòjọ́. Oníbàárà mọ yúníìtì dáadáa, ẹ máa fi bá a sọ̀rọ̀.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbí. Àkọ́kọ́ ni pé oníṣẹ́ á ka iye gílóòbù àti fáànù, kò ní béèrè wákàtí. Fáànù mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ mọ́jú ju tẹlifíṣọ̀n ńlá lọ fíìfíì. Èkejì wà lára fíríìjì. Àwọn kan máa ń fi 24 sọ 150W tó wà lẹ́yìn rẹ̀ di púpọ̀, wọ́n á rí 3,600Wh, bẹ́ẹ̀ kọ̀ńpírésọ̀ kì í ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dé àárọ̀. Mítà kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí fíríìjì wá wà lára rẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko, máa ń fòpin sí àríyànjiyàn yìí.

Ó wá kan pánẹ́ẹ̀lì. Tí a bá kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan ní Ìbàdàn tàbí Èkó jọ bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ oòrùn ọ̀sán gangan, kò ju nǹkan bíi wákàtí 4 lọ. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, ó lè wálẹ̀ sí 3. Kano máa ń ju 5 lọ, nítorí náà ìṣirò tí ẹ rí nínú fídíò ará òkè Ọya tàbí ará Íńdíà kò bá òrùlé yín mu. Ooru, eruku, wáyà àti ínfátà fúnra rẹ̀ tún máa ń jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Pánẹ́ẹ̀lì 550W mẹ́ta jẹ́ 1,650W. Ẹ fi 4 àti 0.75 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 4,950Wh. Ó tó fún ilé yẹn ní oṣù Kejì. Ní oṣù Keje, pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta yìí kan náà kò ní mú ju nǹkan bíi 3,700Wh lọ, oníbàárà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun inú òkùnkùn láago mẹ́ta òru. Tí ẹ bá so mẹ́rin, 2,200W nìyẹn, nígbà òjò á mú 4,950Wh wá. Pánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló wà láàárín oníbàárà tó ń yìn yín àti èyí tó ń ṣépè. Ìṣirò oṣù Keje ni kí ẹ máa lò.

Bátìrì: nínú yúníìtì 5 yẹn, nǹkan bíi 3,600Wh ló jẹ́ ti alẹ́. Bátìrì lithium 51.2V tó jẹ́ 100Ah gba 5,120Wh (ẹ fi volt, ìyẹn V, sọ Ah di púpọ̀). Tí ẹ bá lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀, 4,096Wh ni, ó tó. Bátìrì túbúlà olómi 12V tó jẹ́ 200Ah, mẹ́rin, gba 9,600Wh lójú ìwé, àmọ́ tí ẹ bá ń lò ó kọjá ìdajì lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ kú. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 4,800Wh. Ìdí nìyẹn tí bátìrì ńlá mẹ́rin fi ń ṣe iṣẹ́ tí lithium kan ń ṣe, ó sì yẹ kí ẹ lè ṣàlàyé rẹ̀ fún oníbàárà tó ń sọ pé túbúlà pọ̀ níye, nítorí náà ó lágbára jù.

Ínfátà ni kò ṣòro. Gbogbo ohun tó wà nínú ilé yìí kò ju 650W lọ tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ pọ̀. Ohun tó ń sọ ọ́ di 5kVA (nǹkan bíi 5,000W) ni ẹ̀rọ pọ́ńpù omi 1hp, tí wọ́n bá fi kún un: ó lè jẹ tó nǹkan bíi 1,000W bó bá ti ń yí, ṣùgbọ́n nígbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ó lè fà ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ohun tó ń bàjẹ́, àti ìdí rẹ̀

Pánẹ́ẹ̀lì 550W kan sábà máa ń gbé nǹkan bíi 49.7V nígbà tí kò tíì sí ohun tó ń fa iná lára rẹ̀. Tí ẹ bá so wọ́n tẹ̀léra, volt wọn á máa ròpọ̀. Ọ̀pọ̀ ínfátà 5kVA tó wà lọ́jà kò gbọdọ̀ gbà ju 450V lọ láti ọ̀dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì. Mẹ́sàn-án tẹ̀léra jẹ́ 447V. Lójú ìwé, ó wọlé. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì jẹ́ ti ìwọ̀n ooru 25°C, bẹ́ẹ̀ volt máa ń gòkè nígbà òtútù, nǹkan bíi 0.27 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀ ọyẹ́ kan tí òtútù bá dé 18°C, mẹ́sàn-án yẹn á di nǹkan bíi 455V ní kété tí oòrùn bá kàn án. Apá tó ń gba iná pánẹ́ẹ̀lì nínú ínfátà, èyí tí wọ́n ń pè ní MPPT, lè jóná láàárọ̀ kùtù lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ láti oṣù Kẹrin. Oníbàárà á ní ayé ló ṣe é. Mẹ́jọ ni kó jẹ́.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. MPPT kan náà lè má jí àfi tí volt bá tó 120. Pánẹ́ẹ̀lì méjì tẹ̀léra kò ju nǹkan bíi 83V lọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Wọn kò bàjẹ́, ínfátà kò bàjẹ́, síbẹ̀ kò sí iná tó wọlé. Ẹni tí kò ka ìwé tó bá ínfátà wá lè pààrọ̀ pánẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ̀.

Wáyà láàárín bátìrì àti ínfátà: 5,000W tí a fi 48V pín jẹ́ 104A (ampere, ìwọ̀n iná tó ń ṣàn nínú wáyà), tí a bá ka àdánù mọ́ ọn á lé ní 110A. Wáyà 35mm² ló yẹ ibẹ̀, pẹ̀lú fíúsì DC 150A tó sún mọ́ bátìrì (DC ni iná bátìrì àti pánẹ́ẹ̀lì, AC ni ti NEPA). Àwọn kan ń fi 16mm² síbẹ̀ torí ó rọrùn láti tẹ̀. Á máa gbóná. Èyí tó tiẹ̀ léwu ju wáyà tín-ínrín lọ ni orí wáyà tí wọ́n fi píláyà tẹ̀ dípò ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ pa, tàbí nọ́ọ̀tì tí kò dì. Ojú kékeré tó bá ṣí sílẹ̀ níbi tí 100A ń gbà kọjá á yọ́ ike, á sì lè dáná sí ilé. Ojú bátìrì ni ẹ máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn lọ́jọ́ àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan.

Bréékà: iná NEPA máa ń lọ sí òdo ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìtàkùn iná (iná tó ń fò láàárín irin méjì) tó bá ṣẹ́ nínú bréékà á kú fúnra rẹ̀. Iná pánẹ́ẹ̀lì kì í lọ sí òdo. Tí ẹ bá fi bréékà AC sí ojú ọ̀nà DC tó jẹ́ 390V, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pa á, ìtàkùn iná náà lè máa jó nínú rẹ̀ títí tí ike fi máa yọ́. Bréékà AC kéré ní owó, ó sì jọ ti DC lójú, àmọ́ orí rẹ̀ ni ẹ̀mí èèyàn wà.

Neutral, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, ló ń dààmú àwọn tó kọ́ sólà láì kọ́ wáyà ilé. Nígbà tí wọ́n bá pín ilé sí apá tí ínfátà ń gbé àti apá tí kò gbé, bíi áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n á pín wáyà láìfù nìkan, neutral gbogbo ilé á ṣì wà lójú kan náà. Bí iná NEPA bá dé, ìṣàn á gba ibi tí kò yẹ padà, ínfátà á máa kọ àṣìṣe sójú tàbí kó jóná. Ẹ ya neutral sọ́tọ̀ pẹ̀lú. Nínú àwọn ilé àtijọ́, wọ́n tilẹ̀ máa ń yá neutral yàrá kan lò fún yàrá kejì, nítorí náà ẹ fi multimeter (mítà tó ń wọn volt àti ampere) wá a lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fọwọ́ kan DB (àpótí bréékà ilé). Iṣẹ́ tí ẹ máa rò pé wákàtí méjì ni lè gba ọjọ́ kan, kí ẹ kọ ọ́ sínú owó iṣẹ́ yín.

Ní ti òrùlé, ilẹ̀ Yorùbá wà ní apá àríwá ìlà agbede-méjì ayé, kí pánẹ́ẹ̀lì kọjú sí gúúsù, kó sì dà gẹ́rẹ́ ní ìwọ̀n 10 sí 15 kí òjò lè máa fọ ọ́. Orí páànù ni kí ẹ lu ihò sí, níbi tó ga, kì í ṣe nínú kòtò tí omi ń gbà, kí ẹ sì fi rọ́bà àti sílíkónì dí i. Pánẹ́ẹ̀lì 550W kan wúwo tó nǹkan bíi kílò 28. Ẹ wọ àjà lọ wo igi òrùlé kí ẹ tó gbé mẹ́jọ lé e. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ṣì ní òrùlé asbestos: ẹ má lu ú, ẹ má gùn ún. Erùpẹ̀ rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì máa ń fọ́ mọ́ ẹsẹ̀. Ẹ kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí kí ẹ kọ́ férémù sílẹ̀.

Ayédèrú náà ń bẹ. Pánẹ́ẹ̀lì òde òní kì í mú ju nǹkan bíi 210W sí 230W lọ lórí mítà kan níbùú àti lóòró. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá fi 450W hàn yín ní ọjà Alaba l'Ékòó, ẹ fa téépù yọ. Tí gígùn rẹ̀ tí a fi fífẹ̀ sọ di púpọ̀ kò bá ju 1.6 lọ, kò lè jẹ́ 450W láé, ohun yòówù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bátìrì lithium 5,120Wh sábà máa ń wúwo tó kílò 42 sí 50. Èyí tí ẹnì kan gbé lọ́wọ́ kan kò pé.

Ìwé ẹ̀rí: èwo ni ti kí ni?

Ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni fún yín fi hàn pé ẹ wá sí kíláàsì ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tó ń rí sí Iṣẹ́, tó ní ìpele III, II àti I, ìwé àjọ ìdánwò NABTEB, àti NSQ (ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́) tí àjọ NBTE ń bójú tó jẹ́ ti ìjọba, iléeṣẹ́ tó ń gba òṣìṣẹ́ sì mọ̀ wọ́n. NSQ dára fún ẹni tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, torí pé ohun tí ọwọ́ yín lè ṣe ni wọ́n ń wò, kì í ṣe iye ọdún tí ẹ lò ní ilé ẹ̀kọ́. NEMSA ní tiwọn ni àjọ tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò tó sì ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé pé wọ́n tó iṣẹ́ ṣe, ní ìpele-ìpele. Ilé ẹnikẹ́ni ní àdúgbò kì í béèrè rẹ̀. Ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ìjọba máa ń béèrè.

Ẹ̀kọ́ àwọn tó ń ṣe ínfátà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fojú fò. Victron ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn aṣojú iléeṣẹ́ míràn náà sì máa ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tó ń ra ọjà wọn. Ẹ lọ. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ẹni tí ẹ máa pè nígbà tí ọjà tó ṣì wà lábẹ́ ìdánilójú bá bàjẹ́.

Bí oṣù ṣe máa lọ

Oṣù méjì àkọ́kọ́, ìrọ̀lẹ́ ni ẹ máa lò. Volt, ampere, watt, wáyà ilé, bí a ṣe ń lo multimeter láì kú. Ẹ wá oníṣẹ́ iná kan ní àdúgbò tí ẹ máa tẹ̀lé ní Sátidé, ẹni tí kò ṣe sólà rárá pàápàá. Kí ẹ máa ka ìwé ínfátà kan lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá volt tó pọ̀ jù, èyí tó kéré jù àti ampere bátìrì.

Láti oṣù kẹta dé ìkẹfà, ẹ tẹ̀lé àwọn tó ń so sólà ní Sátidé àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Wọ́n lè máà fún yín ju owó ọkọ̀ àti oúnjẹ lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ ọ̀gá fún ni pé kó máa mú yín lọ síbi àtúnṣe, nítorí iṣẹ́ àtúnṣe kan ń kọ́ni ju ilé tuntun márùn-ún lọ. Ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀: iye volt tí ẹ wọ̀n lórí pánẹ́ẹ̀lì, bí wọ́n ṣe so ó, fọ́tò DB kí wọ́n tó ṣe é àti lẹ́yìn rẹ̀, ohun tó bàjẹ́, ohun tó fà á. Ilé mẹ́wàá nínú ìwé yẹn ni oníbàárà àkọ́kọ́ yín máa fi gbà yín gbọ́.

Láti oṣù keje, ẹ gba iṣẹ́ kékeré: ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, tí ó ní fáànù kan, gílóòbù mẹ́ta àti kílípà. Kí ọ̀gá wá yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tan iná, kí ẹ sì fún un ní tirẹ̀ nínú owó náà.

Ìgbà wo ni kéèyàn wá fi iṣẹ́ olóṣù sílẹ̀? Tí ohun tó kù lọ́wọ́ yín, lẹ́yìn owó ọkọ̀ àti ti ẹni tó bá yín gun òrùlé, bá ti tó owó oṣù yín fún oṣù mẹ́ta léraléra, tí owó oúnjẹ àti owó iléèwé oṣù mẹ́ta sì wà ní ìpamọ́. Owó iṣẹ́ yìí kì í wọlé bí owó oṣù. Ilé mẹ́ta lè wá ní oṣù Kẹta, kí oṣù Kẹsàn-án tí àwọn òbí ń san owó iléèwé má mú ẹyọ kan wá. Ẹni tó bá ń gba ₦70,000, tó di owó oṣù tó kéré jù ní oṣù Keje ọdún 2024, á rí i pé ilé méjì tàbí mẹ́ta tó dára lóṣù ti kọjá rẹ̀. Àmọ́ oṣù tí kò sí iṣẹ́ ló máa ń lé èèyàn padà.

Kí ẹ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ yá owó irinṣẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ilẹ̀kùn yẹn ti tì. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rà ni multimeter tó lè wọn DC dé 600V ó kéré tán, mítà alákàn tó ń ka ampere DC (ọ̀pọ̀ èyí tó pọ̀ lọ́jà kò ka ju AC lọ), àti bẹ́líìtì ìdáàbòbò tí a fi ń gun òrùlé. Ẹ̀rọ tó ń tẹ orí wáyà ńlá àti àkàbà gígùn ṣeé yá fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn ọdún tí ẹ ti lò níbòmíràn kò ṣòfò. Olùkọ́ mọ bí a ṣe ń ṣàlàyé títí tí yóò fi yé ẹni tó ń sanwó. Òṣìṣẹ́ báńkì mọ bí a ṣe ń ṣàkọsílẹ̀, ó sì mọ àwọn oníṣòwò. Àwọn ìyá ilé sì máa ń fẹ́ràn kí obìnrin wọlé wá ṣe ìṣirò iná wọn ju kí ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta tí wọn kò mọ̀ rí já wọlé. Orúnkún ẹni ọdún méjìdínlógójì kì í ṣe ti ọmọ ogún ọdún, nítorí náà ẹ wá ọ̀dọ́ tó máa gun òrùlé kí ẹ sì sanwó rẹ̀ dáadáa. Ìdí DB àti ìdí ìṣirò ni ibi tiyín.

Ẹni tó ń gbèrò àtikọjá sí òkè òkun, kó mọ̀ pé ìwé Nàìjíríà kì í sọ èèyàn di oníṣẹ́ iná ní Britain, wọ́n máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ NVQ Level 3 àti ìdánwò AM2 tí wọ́n fi ń yẹ oníṣẹ́ iná wò. Ní Amẹ́ríkà, ìwé PV Associate ti NABCEP, àjọ tó ń fún àwọn oníṣẹ́ sólà ní ìwé ẹ̀rí, ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ sólà. Ìṣirò volt àti ampere kò yàtọ̀ níbikíbi.

Gbígba owó

Ọ̀nà mẹ́rin ni owó ń gbà wọlé: owó òòjọ́ lábẹ́ ọ̀gá, owó iṣẹ́, èrè orí ọjà, àti owó àyẹ̀wò òun àtúnṣe. Èrè orí ọjà ló ń fa ojú mọ́ra jù, òun náà ló sì ń pa àwọn tuntun. Dọ́là ló ń gbé iye ínfátà àti bátìrì. Tí ẹ bá dá owó fún oníbàárà lónìí, tó sanwó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lè fi owó ara yín kún un. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé iye owó pé wákàtí 48 péré ló wúlò. Ẹ gba ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún kí ẹ tó lọ ọjà, tàbí kí oníbàárà bá yín lọ ra á fúnra rẹ̀, kí ẹ gba owó iṣẹ́ nìkan. Ní ọdún àkọ́kọ́, ọ̀nà kejì yìí ló dára jù.

Ẹ kọ gbogbo ohun tí iná náà máa gbé àti wákàtí rẹ̀ sórí ìwé kan, kí ẹ kọ áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù àti ẹ̀rọ amúlétutù síbi ohun tí kò gbọdọ̀ gbé, kí ẹ̀yin àti oníbàárà fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, tí wọ́n bá ra fíríìsà ńlá tí wọ́n sì ní bátìrì yín ti kú, ìwé yẹn ló máa sọ̀rọ̀. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ sí àkáǹtì tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn, torí ẹ máa padà lọ sí ilé kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ fi àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún lọ̀ wọ́n lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí. Ẹ tún nọ́ọ̀tì ojú bátìrì dì, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ wo bóyá bréékà kan gbóná, ẹ fi omi lásán fọ pánẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú, ẹ wọn volt rẹ̀ kí ẹ fi wé ti ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú ìwé yín. Ẹni tó ní ogún ilé lórí irú àyẹ̀wò yìí ní ibi ogójì láti lọ láàárín ọdún, ó sì lè pín wọn sí oṣù Kẹsàn-án àti àwọn oṣù tí ilé tuntun bá wọ́n.